Ìyá ọkọ mi ní ọmọ tó ṣì ń mu ọmú kò lè gba Jésù. Ṣé kí n dúró ni, àbí kí n gbé e lọ fún ìsàmì?

ÌyáTuntun_Ìṣọ̀kun
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ilé Àgùdà ni wọ́n bí mi sí, níbí ní Iléṣà. Ọmọ CAC ni ọkọ mi, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí gbogbo ìjọ wọn mọ̀ nídìí àdúrà. Ọmọ wa ti pé oṣù méjì. Pásítọ̀ wọn ló gbàdúrà lọ́jọ́ tí a kó o jáde, inú mi sì dùn sí i. Nígbà tí mo wá ní n ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ìsàmì, Màámi (ìyá ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀) wò mí títí, wọ́n ní: "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ yìí dá? Ta ni yóò ronú pìwà dà nínú ẹni tó ṣì ń mu ọmú?" Mo dákẹ́. Pé wọ́n sàmì fún mi, pé wọ́n sàmì fún ìyá tó bí mi, mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe èsì.

Ọkọ mi ní tí mo bá lè ṣàlàyé rẹ̀ tó yé òun, òun ò ní dí mi lọ́wọ́.

Ó ku méjì. Registry la lọ, a ò tíì ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá sì ti ń sọ pé Fadá ò ní gbà. Èkejì ni pé àbúrò ọkọ mi obìnrin tó dúró tì mí nígbà ìrọbí ni mo fẹ́ kó ṣe ìyá ìsàmì. CAC lòun náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Òṣómàáló_Tòótọ́
Ẹ kú ewu ọmọ! Ọlọ́run á wò ó. Èmi ò gbọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì kankan, ìrẹsì ọjọ́ náà ni mo wá bèèrè.

ÌyáÌbejì
Òṣómàáló, jókòó sí apá kan.

Ìyá tuntun, ti ìgbéyàwó yẹn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn nítorí bí tiyín ṣe rí ni tiwa rí nígbà tí mo bí àwọn ìbejì. Ẹni tó sọ pé Fadá ò ní gbà, ó gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn ni, kò rí i nínú ìwé. Ohun tí òfin Ìjọ béèrè ni pé kí ó kéré tán ọ̀kan nínú òbí fọwọ́ sí i, kí ìrètí tó nídìí sì wà pé ẹ ó tọ́ ọmọ náà nínú ẹ̀sìn Kátólíìkì. Ó tán. Wọn kì í fi ọ̀ràn òbí di ẹrù lé ọmọ lórí. Póòpù Francis fúnra rẹ̀, ní January 2014 ní Róòmù, sàmì fún ọmọ 32 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tọkọtaya tí ìjọba nìkan so pọ̀. Fadá tiwa bá wa wí nípa ìgbéyàwó wa o, ó bá wa wí gan-an, ṣùgbọ́n kò fi ìbejì dúró dè é.

Ibi tí wàhálà ti máa ń wá ni káàdì owó ìjọ. Ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ, akọ̀wé ní àfi kí n san gbèsè ìkórè kí òun tó kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀. Ó yẹ kéèyàn san ohun tó jẹ ṣọ́ọ̀ṣì, n ò jiyàn, ṣùgbọ́n òfin 848 nínú ìwé òfin Ìjọ sọ ọ́ kedere pé aláìní kò gbọdọ̀ pàdánù sákírámẹ́ǹtì nítorí òṣì rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, má bá akọ̀wé jà. Ọ̀dọ̀ Fadá ni kó o lọ tààrà.

Ọmọ_ÒkèỌ̀yẹ̀
Kátólíìkì ni wọ́n bí èmi náà, kí n tó yà sí CAC. Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún Màámi nítorí wọn ò sí níbí.

Ìwé Máàkù 16:16 ní ẹni tó bá gbàgbọ́ tí a sì ṣe ìrìbọmi fún ni yóò là. Ìgbàgbọ́ ló ṣáájú. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Pétérù ní kí wọ́n ronú pìwà dà ná, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá sínú omi. Ọmọ oṣù méjì ò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwa máa ń gbé ọmọ wá síwájú Olúwa, a ń gbàdúrà fún un, a ń dúró dìgbà tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé agídí ìyá arúgbó ni. Ní 1922, nígbà tí ẹgbẹ́ àdúrà tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìsàmì ọmọ ọwọ́ wà lára ohun tó lé wọn jáde. Sadare, olórí wọn, àti àwọn tó tẹ̀ lé e kò gbà á, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Láti ara àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ni gbòǹgbò CAC ti hù. Nígbà tí ìsọjí Babalọlá ṣẹ́ yọ ní Òkè-Ọ̀yẹ̀ wa níbí ní July 1930, tí gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mì tìtì, ẹ̀kọ́ yìí ti wà nílẹ̀. Ìbéèrè tí Màámi bi ọ́, àwọn kan ti san nǹkan ńlá nítorí rẹ̀.

BàbáKatikíìsì
Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Ọmọ Òkè-Ọ̀yẹ̀, o gbẹnu sọ fún wọn dáadáa, ìyá ọkọ wa á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn òbí ní ẹ̀kọ́ ìsàmì, ìbéèrè yìí náà sì ni wọ́n ń bi mí.

Ẹ jẹ́ ká gbà fún Màámi níbi tí wọ́n ti jàre. Ọmọ oṣù méjì kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ìjọ Kátólíìkì kò fìgbà kan sọ pé ó dá. Ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí tí a ń sọ kì í ṣe ohun tí ọmọ ṣe, ipò tí wọ́n bí i sí ni: kò bá oore-ọ̀fẹ́ tí Ádámù sọ nù nílẹ̀. Kò lẹ́bi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n oore-ọ̀fẹ́ náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni omi ìsàmì ń wẹ̀, a lè sọ pé ká dúró dìgbà tí ọmọ bá ní èyí tó pọ̀. Ìbí ni ìsàmì. Jésù sọ fún Níkódémù nínú Jòhánù 3:5 pé a gbọ́dọ̀ fi omi àti Ẹ̀mí bí ènìyàn. Ọjọ́ yẹn ni Ọlọ́run gba ọmọ náà ṣe ọmọ ara rẹ̀, tí ó so ó mọ́ ikú àti àjíǹde Kristi, tí ó di ẹ̀yà ara Ìjọ. Kò sí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí i.

Ọmọ Òkè-Ọ̀yẹ̀ ní ìgbàgbọ́ ló ṣáájú. Òótọ́ ni, Ìjọ náà kì í sàmì níbi tí ìgbàgbọ́ ò bá sí. Ìgbàgbọ́ ta ni ká wá béèrè. Ìwé Máàkù kan náà, orí kejì: àwọn mẹ́rin gbé arọ wá, wọ́n dá òrùlé lu, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Bíbélì ní nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ *wọn*, ó dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji arọ náà. A ò gbọ́ pé arọ yẹn la ẹnu. Ìgbàgbọ́ Ìjọ ni wọ́n fi ń gbé ọmọ wá, èyí tó wà lẹ́nu bàbá àti ìyá àti àwọn tó dúró tì wọ́n.

Lìdíà àti agbo ilé rẹ̀, onítúbú ìlú Fílípì àti gbogbo ilé rẹ̀, agbo ilé Stefana: gbogbo wọn ni wọ́n sàmì fún lẹ́ẹ̀kan náà. Bíbélì kò sọ pé ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, n ò sì ní fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí agbo ilé jẹ́, ẹ sọ fún mi, agbo ilé wo ni ọmọ kì í sí? Pétérù tí o mẹ́nu bà náà kò dúró sí ẹsẹ 38. Ẹsẹ 39 ní ìlérí náà wà fún ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín.

Lọ́jọ́ tí ẹ kó ọmọ jáde, ẹ fún un lórúkọ, ẹ kì í, ẹ sọ ọ́ di ọmọ ilé kan tí kò yàn. Ta ló bi í bóyá ó fẹ́?

Ọmọ_ÒkèỌ̀yẹ̀
Bàbá, ẹ kú àlàyé, ti arọ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ lórí ti orúkọ. Bí orúkọ kò bá wù mí, mo lè lọ sí kóòtù lọ yí i padà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ìsàmì ń fi àmì kan sínú ọkàn tí kò ṣeé parẹ́ títí ayé. Ẹ wá fi ohun tí kò ṣeé parẹ́ sára ọmọ láìbi í. Ìyẹn ò ha le ju orúkọ lọ?

BàbáKatikíìsì
Ó le jù ú lọ. O mú mi níbẹ̀, mo sì gbà.

Ta ni àmì náà dè? Kò de ọmọ náà. Bó bá dàgbà, ó lè yà, ó lè kọ̀, ó lè sọ pé òun ò fẹ́ mọ́, kò sẹ́ni tí yóò fi okùn fà á padà. Ohun tí kò ṣeé parẹ́ ni ohun tí Ọlọ́run ṣe. Òun kì í gba ọmọ ṣe lónìí kó ta á nù lọ́la nítorí pé ọmọ náà ṣe agídí. Àwa náà kì í sì fi ẹnu rẹ̀ pa mọ́ títí: kí ó tó gba Kọnfamésọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dúró tí yóò dáhùn, àti ní gbogbo àìsùn Àjíǹde ni wọ́n máa ń bi gbogbo wa tuntun bóyá a kọ Sátánì.

Ìwọ gan-an, bí o bá padà wá lọ́la, kò sí Fadá tí yóò da omi lé ọ lórí lẹ́ẹ̀kejì. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni wọn ó pè ọ́ sí.

Ọmọ_ÒkèỌ̀yẹ̀
Bàbá, ẹ má fi mí ṣe àpẹẹrẹ 😄

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ìtàn díẹ̀ sí i, nítorí àwọn ọmọ Áfíríkà ló ja ìjà yìí jù. Ní Carthage, tó wà ní Tùnísíà òde òní, ní bí ọdún 200, Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, kọ̀wé pé ó sàn kí àwọn ọmọdé dúró dìgbà tí wọ́n bá lè mọ Kristi. Ọ̀rọ̀ Màámi gan-an! Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: bí wọn kò bá ti ń sàmì fún ọmọdé nígbà náà, kí ni ì bá kọ̀wé lòdì sí?

Ní bí 253, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Fidus kọ̀wé sí Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage yẹn kan náà, pé kí wọ́n máa dúró di ọjọ́ kẹjọ, bí ti ìkọlà. Ẹ rí i, ọjọ́ kẹjọ! Cyprian àti bíṣọ́ọ̀bù 66 jókòó lé e lórí, wọ́n sì dáhùn pé kí wọ́n má dúró dè é rárá, pé a kò gbọdọ̀ fi àánú Ọlọ́run du ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí. Àríyànjiyàn tó wà láàárín wọn ò kan bóyá kí wọ́n sàmì fún ọmọ ọwọ́. Ọjọ́ tó yẹ ni wọ́n ń wí.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dárúkọ Augustine, ọmọ Áfíríkà tó di bíṣọ́ọ̀bù ńlá, pé àgbàlagbà ni nígbà tí wọ́n sàmì fún un, òótọ́ ni. Àjíǹde ọdún 387 ni, ní Milan, ọwọ́ Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, ló sì ti gbà á. Ìdí tó fi pẹ́ ni pé nígbà tó wà lọ́mọdé ó ṣàìsàn, wọ́n fẹ́ sàmì fún un kíákíá, ara rẹ̀ yá, wọ́n bá sún un síwájú. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ì bá sàn fún òun ká ní wọn kò sún un.

ÌyáTuntun_Ìṣọ̀kun
Ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi lóru àná. Ti arọ yẹn, ó ní kí n tún un kà. Ó ní òun máa fúnra òun wọlé síbí béèrè tiẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àbíyè
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yàtọ̀ sí tàwọn tó mọ̀wé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìjíròrò yìí gba ìyá kankan lọ́kàn débi pé yóò gbàgbé pé bí ọmọ bá wà nínú ewu ikú, kò sí pé à ń dúró de ọjọ́ Sunday. Ẹnikẹ́ni ló lè sàmì fún un. Nọ́ọ̀sì, ìyá-àgbà, ẹni tí wọn kò sàmì fún rí pàápàá, bó bá ti fẹ́ ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe.

Omi lásán tó mọ́ ni. Kì í ṣe òróró, kì í ṣe omi àgbọn. Da á sí orí ọmọ kí ó ṣàn lára rẹ̀, bí o ti ń dà á ni kí o máa wí pé: "Mo sàmì fún ọ ní orúkọ Bàbá, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́." Bó bá lè ṣeé ṣe, kí o dà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Fún ọmọ tó wà nínú ẹ̀rọ amóoru, síríńjì la fi ń fa ìwọ̀nba omi sí i níwájú orí. Ẹ má yí ọ̀rọ̀ náà o. Ní 2020, Róòmù sọ pé ẹni tó bá ní "*A* sàmì fún ọ" dípò "*Mo*" kò ṣe nǹkan kan, wọ́n sì ní láti tún un ṣe fún àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí.

Bí ọmọ náà bá yè, kí ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fadá kò ní da omi mọ́. Yóò fi òróró kùn ún, yóò fún un ní aṣọ funfun àti àbẹ́là, wọn ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti rí irú wọn tó ń sáré kiri lónìí.

Mo máa ń tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí kí n tó ṣe é. Ìyá Mùsùlùmí kan ní òun ò fẹ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwa méjèèjì sì gbàdúrà ní ọ̀nà tiwa.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀
Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ rán mi létí Pa Antonio ní Èkó. Kí Fadá Borghero, míṣọ́nnárì, tó bẹ̀ wọ́n wò ní 1863, ọkùnrin tó ti ìgbèkùn dé yìí ló ń kó àwọn Àgùdà jọ, tó ń sàmì fún àwọn ọmọ wọn. Kì í ṣe Fadá. Kò sí Fadá nítòsí ni.

Àánúolúwapọ̀
Ẹ jọ̀ọ́, kò ti ọkàn mi wá láti da ọ̀rọ̀ yín rú. Ọmọ tèmi kú kí ẹnikẹ́ni tó rántí omi. A ti mú ọjọ́ ìsàmì, a ti ra aṣọ. Ìyá àgbà kan ní ìdílé wa sọ pé ojú Ọlọ́run kò ní tó o. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

BàbáKatikíìsì
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú.

Rárá o. Ohun tí ìyá àgbà yẹn gbọ́ nígbà èwe wọn ni wọ́n ń sọ, àwọn olùkọ́ kan kọ́ irú rẹ̀ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan di ohun tí Ìjọ pa láṣẹ pé ká gbà gbọ́. Ìwé ẹ̀kọ́ Ìjọ tó wà lọ́wọ́ wa lónìí, ní ìpínrọ̀ 1261, fi àwọn ọmọ bíi tìrẹ lé àánú Ọlọ́run lọ́wọ́, Ọlọ́run tó ní kí àwọn ọmọ kékeré wá sọ́dọ̀ òun. Ní 2007, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ní Róòmù tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n ní ìdí pàtàkì wà láti ní ìrètí pé wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ló so ìgbàlà mọ́ sákírámẹ́ǹtì ìsàmì, ṣùgbọ́n kò so ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìwọ ti fẹ́ gbé e wá. Aṣọ ti wà nílẹ̀. Ìjọ tilẹ̀ gbà pé kí wọ́n ṣe ìsìn òkú fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí bíṣọ́ọ̀bù bá yọ̀ǹda, nítorí ìfẹ́ òbí rẹ̀. Lọ bá Fadá rẹ, kí o ní kó gba Mísà fún ìwọ àti bàbá rẹ̀.

ÌyáÌbejì
Àánú, pẹ̀lẹ́ o. Mo ti kọ̀wé sí ọ ní ìkọ̀kọ̀.

Ọmọ_ÒkèỌ̀yẹ̀
Àánú, kí Olúwa tù ọ́ nínú. Ní ti èyí, CAC àti Àgùdà kò ní ìjà.

Ìbéèrè tó kù fún mi, Bàbá, ẹ má bínú: bí Ọlọ́run bá ń ṣàánú bẹ́ẹ̀, kí wá ni ìkánjú fún ọmọ tí ara rẹ̀ le?

BàbáKatikíìsì
Ìrètí yẹn wà fún ẹni tí àǹfààní bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe àwáwí fún ẹni tí omi wà níwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bí i.

Bàbá_Ọmọ_Náà
Ẹ kú ilé, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni ọkọ tí ẹ ń gbọ́ nípa rẹ̀. Mo ti kà á láti òkè délẹ̀.

N kò ní sọ pé mo ti gbà tán. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí kì í ṣe ti ọmọ mọ́. Èmi ni. Mo gbọ́ pé wọn ó ní kí bàbá àti ìyá dúró, kí wọ́n jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, kí wọ́n ṣèlérí. Èmi ò fẹ́ dúró níwájú Ọlọ́run kí n máa sọ ohun tí n kò gbà. Ṣé àfi kí n di Kátólíìkì?

BàbáKatikíìsì
Ọkọ ìyàwó, ìbéèrè rẹ ló dára jù nínú gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti àárọ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹrù náà wà. Gbogbo èèyàn ń bèèrè ohun tí ọmọ lè gbà gbọ́. Ohun tí bàbá rẹ̀ gbà gbọ́, wọn kì í béèrè.

Láti 1969, nígbà tí Ìjọ ṣe ètò tuntun fún ìsàmì àwọn ọmọdé, òbí ni Fadá ń dojú kọ. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á bi yín pé: orúkọ wo lẹ fún ọmọ yìí? Kí ni ẹ ń fẹ́ lọ́dọ̀ Ìjọ Ọlọ́run? Lẹ́yìn náà: ẹ ń gba ẹrù iṣẹ́ títọ́ ọmọ yìí nínú ìgbàgbọ́, ṣé ó yé yín? Ibi tí mo ti máa ń rí i pé ojú àwọn bàbá yí padà nìyẹn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà sì ni Ìjọ ń wò kó tó sàmì. Bí Fadá bá rí i pé kò sí ìrètí kankan pé ọmọ náà yóò gbọ́ nípa Kristi nílé yín, ó lè ní kí ẹ dúró ná. Kì í ṣe pé ó kọ̀ ọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, n ò rò pé ẹ̀kọ́ ìsàmì kankan wà tí mi ò pa òwe yẹn níbẹ̀.

Ní ti ìwọ: wọn kò ní fi ipá mú ọ. Ìwé ètò ìsàmì sọ ọ́ pé bí ọ̀kan nínú òbí kì í bá ṣe Kátólíìkì tí kò sì lè jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ náà, kí ó dákẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ń dáhùn. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó fàyè gba kí wọ́n kọ́ ọmọ náà. Ṣé o lè fàyè gba ìyẹn? Má dáhùn síbí. Ìyàwó rẹ ni kó o dá lóhùn, nílé.

Bàbá_Ọmọ_Náà
Ẹ ṣé, Bàbá. Pé mo lè dákẹ́ láìpurọ́, ìyẹn fọkàn mi balẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ òbí bá wà ní Saturday, n ó bá a wá. Wíwá gbọ́ ni mò ń wá o, ẹ má tíì kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ti Màámi ò tíì yanjú. Wọ́n ní àwọn ń gbàdúrà lé e.

ÌyáTuntun_Ìṣọ̀kun
Mo rí i pé o kọ ọ́. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ti àbúrò rẹ̀ ńkọ́?

ÌyáÌbejì
Jẹ́ kí n gba èyí fún Bàbá, ó ti rẹ̀ wọ́n.

Ẹni tó máa ṣe ìyá tàbí bàbá ìsàmì gbọ́dọ̀ jẹ́ Kátólíìkì, kí ó ti pé ọdún 16 ó kéré tán, kí ó ti gba Ara Olúwa àti Kọnfamésọ̀n, kí ìgbé ayé rẹ̀ bá a mu. Bàbá tàbí ìyá tó bí ọmọ kò lè ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo tó. Bí ẹ bá fẹ́ méjì, ọkùnrin kan obìnrin kan. Èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n máa ń tò síwájú nítorí àtilọ ya fọ́tò, èmi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí ìyẹn.

Àbúrò ọkọ rẹ kò lè ṣe ìyá ìsàmì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣe ìrìbọmi fún un ní CAC, ó lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kátólíìkì tí ẹ bá yàn, wọn ó sì kọ orúkọ rẹ̀. Sọ fún un kí ọjọ́ tó pé, kó má lọ rán aṣọ kó tó gbọ́ ọ ní ẹnu pẹpẹ.

Yan ẹni tó máa wà nítòsí. Ìyá ìsàmì àwọn ìbejì mi wà ní Canada, fóònù ló fi ń tọ́ wọn.

Òṣómàáló_Tòótọ́
Orúkọ ńkọ́? Ṣé dandan ni Augustine, Monica? Ọ̀rẹ́ mi kan ń jẹ́ Polycarp, a ò jẹ́ kó sinmi láti praimárì.

BàbáKatikíìsì
Kì í ṣe dandan. Òfin 855 kàn ní kí orúkọ má lòdì sí ẹ̀mí Kristẹni. Ìfẹ́olúwa, Tolúlọpẹ́, Àyọ̀délé, gbogbo wọn ló wọlé. Polycarp ní tiẹ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ má tijú: nígbà tí wọ́n ní kí Polycarp ayé àtijọ́, bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́, sẹ́ Kristi kí wọ́n dá a sílẹ̀, ó ní ọdún 86 ni òun ti ń sìn ín. Ẹ wá ṣírò ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

ÌyáTuntun_Ìṣọ̀kun
Kí ni kí n mú wá?

ÌyáÌbejì
Ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, káàdì tìrẹ, ìwé Kọnfamésọ̀n ẹni tó máa ṣe ìyá ìsàmì bó bá wá láti páríìṣì mìíràn. Àbẹ́là: ara àbẹ́là ńlá Àjíǹde ni wọ́n ti máa tàn án, bàbá ìsàmì tàbí bàbá ọmọ ló máa ń gbé e. Má wọ aṣọ funfun fún un láti ilé. Mú un dání, lẹ́yìn omi ni wọ́n ń fi wọ̀ ọ́. Kí fìlà rẹ̀ ṣeé ṣí, nítorí omi àti òróró krísímù, orí ni wọ́n ń lọ. Òróró krísímù yẹn, Bíṣọ́ọ̀bù wa ní Òṣogbo ló ń yà á sí mímọ́ lọ́dọọdún ní àsìkò Ọ̀sẹ̀ Mímọ́.

Fún un lọ́mú kí ẹ tó wọlé. Bó bá sunkún láàárín Mísà, fún un sí i níbẹ̀, Póòpù Francis pàápàá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá ní Róòmù.

Kí o sì dúró ti akọ̀wé nígbà tó bá ń kọ orúkọ sínú ìwé ńlá. Wo bó ṣe kọ ọ́. Gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kó o tó kúrò, wọn ó bi í nígbà tó bá fẹ́ gba Ara Olúwa, wọn ó tún bi í nígbà tó bá fẹ́ gbéyàwó.

Bàbá_Ọmọ_Náà
Màámi ní kí n béèrè: ṣé àwọn lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà?

BàbáKatikíìsì
Kí wọ́n gbé e wọlé. Ìyá ọmọ ni yóò gbà á lọ́wọ́ wọn nídìí omi, wọn ó sì jókòó ní ìlà iwájú pẹ̀lú yín. Saturday, aago mẹ́rin, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n bá yín wá síbẹ̀ náà bí wọ́n bá fẹ́, mo fẹ́ gbọ́ tiwọn lẹ́nu ara wọn.